Ìrora Oríkèé Ìbàdí àti Ẹ̀yìn Nínú Oyún: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún aboyún pé kó pa ìrora ìbàdí mọ́ra títí tó fi máa bímọ. A ò fara mọ́ ọn. Ìrora yìí ní ohun tó ń fà á, ó ní ohun tó ń mú un le sí i, ó sì ní ohun tó ń dín in kù, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ló sábà máa ń wá jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó bá kàn yín lọ́wọ́lọ́wọ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbàdí mi gan-an?

Eegun mẹ́ta ló para pọ̀ di ìbàdí. Méjì tóbi, wọ́n wà lọ́tùn-ún àti lósì; ẹ̀kẹta wà láàárín wọn lẹ́yìn, níbi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń parí lọ. Ibi tí wọ́n ti pàdé ló ń jẹ́ oríkèé, mẹ́ta náà sì ni: méjì lẹ́yìn, lókè ìdí, ọ̀kan níwájú, lókè ojú ara. Àwọn oríkèé yìí kì í mì púpọ̀ bíi ti orúnkún tàbí ìgúnpá. Iṣan líle ló dè wọ́n pọ̀, nítorí àwọn ló ń gba ìwúwo ara láti ẹ̀yìn, tí wọ́n sì ń pín in fún ẹsẹ̀ méjèèjì.

Bí oyún bá ti dúró, họ́mọ̀nù bíi relaxin á bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àwọn iṣan tó de eegun pọ̀ yìí rọ̀. Lára obìnrin tí kò lóyún, àlàfo oríkèé iwájú máa ń tó mìlímítà 4 sí 5. Nínú oyún, ó máa ń fi mìlímítà 2 sí 3 fẹ̀ sí i. Ara ń múra sílẹ̀ de ọmọ ni, kò sì sí aburú níbẹ̀. Àmọ́ bí ìdè oríkèé bá ti dẹ̀, iṣan ikùn, ti ìdí àti ti ẹ̀yìn ló kù tó máa gba iṣẹ́ náà ṣe, bẹ́ẹ̀ àkókò yìí gan-an ni ikùn ń tóbi, tó ń fa ẹ̀yìn síwájú, tó sì ń yí ìdúró àti ìrìn obìnrin padà. Tí oríkèé kan bá wá ń mì ju àwọn yòókù lọ, tàbí tí ìwúwo ń rọ́ sí apá kan, ìrora dé nìyẹn.

Àwọn kan á sọ pé họ́mọ̀nù nìkan ló fà á. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀, torí àwọn obìnrin wà tí relaxin pọ̀ lára wọn tí ìbàdí ò ro wọ́n rárá. Ọ̀nà tí ara ń gbà gbé ìwúwo kiri ló ṣe pàtàkì jù, ìròyìn ayọ̀ sì ni èyí, torí họ́mọ̀nù ò sí lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gbé ara wà lọ́wọ́ wa.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá oríkèé ìbàdí ni tàbí ẹ̀yìn dídùn lásán?

Ẹ wo ibi tó ti ń dùn àti ohun tó ń jí i. Ti oríkèé ìbàdí máa ń wà níwájú, lórí eegun tó wà lókè ojú ara, tàbí lẹ́yìn nísàlẹ̀ ibi tí bẹ́líìtì máa ń wà, lápá kan tàbí lápá méjèèjì. Ó lè sọ̀ sí abẹ́, láàárín ojú ara àti ihò ìdí, ó sì lè wọ inú itan lọ. Ohun tó ń jí i ni kéèyàn rìn, kó gun àtẹ̀gùn, kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan láti wọ ṣòkòtò, kó yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, kó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àwọn míì máa ń gbọ́ tí nǹkan ń ró kẹ́kẹ́ níwájú ìdí bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀. Alẹ́ ló máa ń le jù, pàápàá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀.

Ẹ̀yìn dídùn máa ń wà lókè díẹ̀, níbi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti tẹ̀ wọnú. Ìjókòó pípẹ́, ìdúró pípẹ́ àti bíbẹ̀rẹ̀ ló máa ń dá a sílẹ̀. Méjèèjì sì lè jọ wà lára èèyàn kan ṣoṣo.

Físíò, ìyẹn olùtọ́jú iṣan àti oríkèé, lè mọ èyí tó jẹ́ láìlo ẹ̀rọ. Á wo bí ẹ ṣe ń rìn, á ní kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè nígbà tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, á sì tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan wò. Kì í sábà la ẹ́ksíréè lọ.

Ó máa ń gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn bí mo bá ṣàdédé dìde. Ṣé òun náà ni?

Rárá o. Iṣan tó gbé ilé ọmọ ró ló nà lójijì, kì í sì í pẹ́ tó fi máa ń lọ. Ẹ máa rọra dìde. Tó bá wá jẹ́ pé ó ń ta láti ìdí kọjá orúnkún, tó ń lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan ń tẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ẹsẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Ṣé kò ní pa ọmọ inú mi lára?

Kò ní pa á lára. Oríkèé yín ló ń dùn. Ọmọ wà láyè tirẹ̀ nínú ilé ọmọ, ìrora náà kò sì dí ìdàgbàsókè rẹ̀ lọ́wọ́, bó ti wù kó le tó.

Ta ló máa ń ṣe?

Ó lè tó obìnrin 1 nínú aboyún 5. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àmọ́ ìdajì kejì oyún ló ti wọ́pọ̀ jù. Ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ìbàdí ti máa ń dùn tẹ́lẹ̀, ẹni tó ti farapa ní ìbàdí rí, ẹni tó ṣe nínú oyún tó kọjá, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbé ẹrù wúwo, ẹni tó sanra àti ẹni tí oríkèé rẹ̀ rọ̀ láti kékeré ló sún mọ́ ọn jù. Àmọ́ ó ń ṣe àwọn tí kò sí nínú èyíkéyìí níbẹ̀ náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Màmá mi ní gbogbo aboyún ló ń ṣe, kí n fara dà á. Ṣé lóòótọ́?

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún màmá, ó wọ́pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó nítọ̀ọ́jú. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Obìnrin tó lọ rí físíò nígbà tó jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn nìkan ló ti ń dùn ún á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ara kí ọ̀rọ̀ tó di pé kò lè rìn dé ilé ìwẹ̀ mọ́. Ẹni tó dúró di oṣù kẹjọ náà ṣì lè rí ìrànlọ́wọ́ o, àmọ́ á ti jìyà tí kò yẹ kó jẹ.

Ó tún ń ba ọkàn jẹ́. Àìsùn lóru, àìlè ṣe ohun téèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, àti kí wọ́n máa sọ pé ẹ kàn ń kẹ́ra yín, gbogbo rẹ̀ lè kó ìbànújẹ́ báni. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ń sunkún lemọ́lemọ́, tí nǹkan kan ò sì dùn mọ́ yín mọ́, ẹ mẹ́nu kan ìyẹn náà níbi àyẹ̀wò oyún. Ìtọ́jú wà fún un.

Tí wọ́n bá sì dá yín lóhùn níbẹ̀ pé “oyún ni, ó máa lọ”, ẹ má tíì kúrò. Ẹ sọ ohun tẹ́ ò lè ṣe mọ́. “Mi ò lè yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì láìké. Mi ò lè dá ẹsẹ̀ kan dúró wọ aṣọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí n rí físíò.” Irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń wọ olùtọ́jú létí ju “ìbàdí ń ro mí” lọ.

Kí ni mo lè ṣe fúnra mi láti òní lọ?

Ohun kan ló wà nídìí gbogbo ìmọ̀ràn yòókù: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan dá ṣe ohun tí èkejì kò bá a ṣe. Tí ìwúwo bá pín dọ́gba, oríkèé tó ti dẹ̀ á gbé e. Ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bá dá gbé ara, tàbí tí itan méjèèjì bá ya jìnnà síra, ni ìrora máa ń dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí yíyí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń sunkún lóru. Ká ní ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ fi lélẹ̀, ẹ sì fẹ́ bọ́ sí ọ̀tún. Ẹ ká orúnkún méjèèjì, kẹ́ ẹ sì fún wọn mọ́ra. Tí wọ́n bá fẹ́ ya, ẹ há ìrọ̀rí pẹlẹbẹ sáàárín wọn. Ẹ fa abẹ́ àti ìsàlẹ̀ ikùn wọlé díẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá ń dá ìtọ̀ dúró. Ẹ mí sínú. Bẹ́ ẹ ṣe ń mí síta, ẹ jẹ́ kí èjìká, ìbàdí àti orúnkún yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má ṣe jẹ́ pé èjìká á ti lọ tán kí ìbàdí tó máa tẹ̀ lé e. Orúnkún ò gbọ́dọ̀ ya títí ẹ ó fi dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Aṣọ oorun tó ń yọ̀ máa ń mú un rọrùn. Èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì máa ń mú un le. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sún dé etí bẹ́ẹ̀dì, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì jọ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ ti ara yín dìde jókòó. Ẹ má dìde látorí ẹ̀yìn tààrà.

Bí ẹ ṣe máa wọ mọ́tò náà nìyẹn. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ìjókòó, ẹ fi ìdí lélẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pa pọ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó, ìdí á yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ ẹ fà á kúrò kí mọ́tò tó gbéra, kó má bàa mú yín yọ̀ bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì.

Ìjókòó ni kẹ́ ẹ ti máa wọ ṣòkòtò, pátá àti bàtà. Lórí àtẹ̀gùn, ẹ di irin mú, kẹ́ ẹ máa gba ìpele kọ̀ọ̀kan: tẹ́ ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tí kò dùn ni kó ṣáájú, kí èyí tó ń dùn wá bá a níbẹ̀; tẹ́ ẹ bá ń sọ̀, èyí tó ń dùn ni kó ṣáájú. Ẹ pín ẹrù sí ọwọ́ méjèèjì. Ẹ má gbé ọmọ kékeré sí ìbàdí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ jókòó kó gun orí itan yín. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ti àpótí, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé ara wọn jókòó, kẹ́ ẹ sì wọ bàtà pẹlẹbẹ tó di ẹsẹ̀ mú.

Ohun kan tó kù, òun ló sì máa ń ṣòro jù fún àwọn obìnrin tí ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀: ẹ sinmi kí ìrora tó dé. Lọ́jọ́ tí ara bá yá, ó máa ń wuni kéèyàn ṣe gbogbo iṣẹ́ tó ti kó jọ láti ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ kejì ló máa ń gbẹ̀san. Ẹ dá iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ sì jókòó láàárín. Síbẹ̀, kéèyàn dùbúlẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò dáa. Iṣan á túbọ̀ rọ, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjókòó lẹ ń ṣe, ẹ máa dìde rìn díẹ̀ láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Báwo ni kí n ṣe sùn?

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀ láti orúnkún títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń fi í sí orúnkún nìkan, tí ọrùn ẹsẹ̀ á wá wọ́ sísàlẹ̀, tí ìbàdí á sì lọ́. Ẹ fi ìrọ̀rí kékeré míì gbé ikùn ró. Láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fi sùn, torí sísùn lórí ẹ̀yìn ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ní í ṣe pẹ̀lú ewu kí ọmọ kú sínú oyún. Tẹ́ ẹ bá jí lóru tẹ́ ẹ bá ara yín lórí ẹ̀yìn, ẹ má ṣe jáyà. Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ máa bá oorun yín lọ.

Ṣé mo ṣì lè ṣe eré ìmárale?

Ẹ lè ṣe é, ó sì yẹ, torí iṣan tó lágbára ló ń bá oríkèé gbé ẹrù. Èyí tó dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹ fi ọwọ́ àti orúnkún dúró lórí ilẹ̀ tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ọwọ́ wà lábẹ́ èjìká, kí orúnkún wà lábẹ́ ìbàdí. Ẹ mí sínú. Bẹ́ ẹ ṣe ń mí síta, ẹ fa ìsàlẹ̀ ikùn wọlé, kẹ́ ẹ sì tẹ ẹ̀yìn sókè díẹ̀díẹ̀, kí ìdí máa wọ abẹ́ lọ. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀yìn padà sí gbọọrọ; ẹ má jẹ́ kó rì sísàlẹ̀. Nígbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó tó. Ìdúró yìí tún máa ń gbé ìwúwo ọmọ kúrò lórí ẹ̀yìn fúngbà díẹ̀, ìtura rẹ̀ sì tó ohun tó yẹ kéèyàn tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Ẹ tún máa fún iṣan abẹ́ pọ̀, ìyẹn èyí tí a fi ń dá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró. Ẹ fún un, kẹ́ ẹ tú u. Ìgbà míì kó yára, ìgbà míì kó pẹ́ díẹ̀. Fífún iṣan ìdí méjèèjì pọ̀ lórí ìjókòó náà dáa.

Ìlúwẹ̀ẹ́ dáa púpọ̀ torí omi á gbé ara ró, àmọ́ ẹ má lúwẹ̀ẹ́ irú èyí tí ẹsẹ̀ fi ń tapá sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ yẹra fún gbogbo eré tó ń ya itan jìnnà tàbí tó ń dá ẹsẹ̀ kan dúró. Ìrìn kúkúrú dáa ju ọ̀nà jíjìn kan ṣoṣo lọ. Bí ìrora bá pọ̀ sí i lẹ́yìn eré kan, ẹ dín in kù tàbí kẹ́ ẹ pa á tì títí ẹ ó fi rí físíò.

Bẹ́líìtì ìbàdí ńkọ́?

Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kò sì ṣe nǹkan kan fún àwọn míì. Yíká eegun ìbàdí, nísàlẹ̀ ikùn, ni wọ́n ń dè é mọ́. Tó bá wà lórí ikùn, ibi tí kò yẹ ló wà. Ẹ wọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rìn tàbí dúró pẹ́, ẹ bọ́ ọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dùbúlẹ̀. Ó dáa kí físíò fi bí wọ́n ṣe ń dè é hàn yín.

Oògùn wo ni mo lè lò?

Parasítámọ́ọ̀lù ni èyí tí wọ́n sábà máa ń fún aboyún. Oníhóró 500 mg, ẹ lo 1 tàbí 2 lẹ́ẹ̀kan, kó tó wákàtí 4 ó kéré tán kẹ́ ẹ tó tún un lò, kó má sì kọjá hóró 8 láàárín wákàtí 24. Ẹni tí kò tó kílò 50 tàbí tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè ná. Ẹ wo ara páálí oògùn òtútù àti ikọ́ dáadáa, torí parasítámọ́ọ̀lù máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, èèyàn sì lè lò ó ní ìlọ́po méjì láìmọ̀.

Ibí yìí lẹ ti máa ṣọ́ra jù: ibuprofen, diclofenac, naproxen àti irú wọn. Ẹ má lò wọ́n àyàfi tí dókítà tó mọ̀ nípa oyún yín bá kọ ọ́. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, wọ́n lè ba iṣẹ́ kíndìnrín ọmọ jẹ́, kí omi tó yí i ká sì dín kù. Tí oyún bá tún dàgbà sí i, wọ́n lè mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan tó ṣe kókó nítòsí ọkàn ọmọ pa dé kó tó tó àsìkò. Ẹ má fojú kéré èyí tí wọ́n ń fi pa ara o. Diclofenac inú ọ̀dà ìpara ń wọ ara lọ. Oògùn tí wọ́n fi ewé àti egbò ṣe tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé dókítà ti ń fún yín ní asipirín kékeré nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ má tìtorí ohun tẹ́ ẹ kà níbí dá a dúró. Oògùn ìrora tó le bíi codeine àti tramadol, ọwọ́ dókítà nìkan ni kó ti wá.

Omi gbígbóná, yìnyín, kí wọ́n fọwọ́ ra mí lẹ́yìn?

Aṣọ tí wọ́n rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dáa fún ẹ̀yìn. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a wí, ẹ má jókòó sínú omi tó gbóná janjan. Níwájú ìdí, yìnyín tí wọ́n fi aṣọ wé, fún bí ìṣẹ́jú 10, máa ń tu àwọn kan lára ju ooru lọ. Kí wọ́n rọra fọwọ́ ra ẹ̀yìn àti ìdí dáa. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ ikùn, kó má sì fa ẹsẹ̀ yín pé òun fẹ́ dá eegun padà.

Kí ni físíò máa ṣe fún mi?

Á fọwọ́ tún oríkèé tó ti le tàbí tó ti yẹ̀ díẹ̀ ṣe, á kọ́ yín ní eré tó bá ara yín mu, á sì wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Tí ìrìn bá ti di ìṣòro, ó lè fún yín ní ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì. Ẹ má kọ̀ ọ́ nítorí ìtìjú. Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ara láti dín ìrora kù, ó sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́, bó bá jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ títọ́jú aboyún ló ṣe é.

Ìbálòpọ̀ ńkọ́?

Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ tí oyún bá ń lọ dáadáa. Kẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ máa ń rọrùn ju kẹ́ ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ẹsẹ̀ sì ya. Bó bá ń dùn yín, ẹ sọ fún ọkọ yín, kẹ́ ẹ sì dúró.

Ṣé mo ṣì lè fúnra mi bí, àbí iṣẹ́ abẹ ló kù?

Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń bí fúnra wọn. Ìrora ìbàdí nìkan kì í sábà tó ìdí fún iṣẹ́ abẹ, tí òun náà ní ọgbẹ́ àti ìrora tirẹ̀. Ohun tó yẹ ni kẹ́ ẹ ti múra sílẹ̀ kí ìrọbí tó dé.

Ẹ wọn bí orúnkún yín ṣe lè ya tó. Ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìbí, ẹ jókòó sí etí àga tàbí kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún kíká, ẹ rọra ya orúnkún méjèèjì títí dé ibi tí ìrora bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ dúró. Kí ẹnì kan fi téèpù wọn àlàfo náà láti orúnkún dé orúnkún. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú oyún yín, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún agbẹ̀bí àti fún ẹni tó máa dúró tì yín. Ìdí rẹ̀ ni pé, tí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora, ara ò ní lè kìlọ̀ fún yín mọ́. Wọ́n lè ya ẹsẹ̀ yín kọjá ààlà láìmọ̀, ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣiṣẹ́ tán lẹ tó máa gbọ́ ọ.

Kíkúnlẹ̀, fífi ọwọ́ àti orúnkún dúró tàbí fífi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni ìdúró tó rọ ìbàdí lọ́rùn jù. Tó bá di dandan kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ yín kọ́ irin, bóyá láti rán ibi tó ya, kí èèyàn méjì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jọ sọ̀ wọ́n pa pọ̀, kó má sì pẹ́.

Ọkọ ni mí. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ gbà á gbọ́. Ẹ gba ẹrù wúwo, ìfọṣọ àti ilẹ̀ gbígbá lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ yín. Ẹ gbé ohun tó ń lò lójoojúmọ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o láìgun àtẹ̀gùn. Ẹ mọ iye tẹ́ ẹ wọ̀n láàárín orúnkún rẹ̀ sórí, torí lójú ìrọbí, ẹ̀yin lẹ máa rán wọn létí.

Ìgbà wo ni kí n sáré lọ sílé ìwòsàn?

Ẹ má ka àwọn nǹkan yìí kún ìrora ìbàdí: ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó ń jáde lójú ara, ikùn tó ń le tó ń dẹ̀ ní àkókò tó ṣe déédéé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, ibà, òtútù tàbí ìtọ̀ tó ń ta yín, orí fífọ́ tó le pẹ̀lú ojú tó ń ṣe bàìbàì, ọmọ tí kò yíra bó ṣe máa ń yíra. Ẹsẹ̀ kan tó wú, tó ń gbóná, tó sì ń dùn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí abẹ́ tàbí inú itan bá kú tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, tí ẹ ò lè tọ̀ tàbí tí ẹ ò lè dá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró, tàbí tí ẹsẹ̀ di aláìlágbára, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ ò bá lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá.

Ṣé ó máa lọ lẹ́yìn tí mo bá bímọ?

Lára ọ̀pọ̀, ó máa ń dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan. Ẹ má pa ìṣọ́ra tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá bímọ o; oríkèé ò tíì le, nítorí náà ẹ ṣì máa yí ara bẹ́ ẹ ṣe ń yí i nínú oyún, kẹ́ ẹ máa bá eré ìmárale lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá yín ní ìbàdí dé ni kẹ́ ẹ ti máa pààrọ̀ aṣọ ọmọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ fi ẹ̀yìn ti nǹkan kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì tẹlẹ̀; kò sídìí láti já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí ìrora yìí. Bó bá ṣì ń dùn yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà sọ́dọ̀ físíò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ ti bímọ tán, ọ̀rọ̀ ti parí.

Oyún míì ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe kó tún wá, torí ẹni tó ti ṣe rí ló sún mọ́ ọn jù. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ara yín yá dáadáa, kí iṣan ikùn àti ti ìdí sì lágbára padà kẹ́ ẹ tó tún lóyún. Tí oyún bá wá dé, ẹ sọ fún wọn láti ọjọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ pé ó ti ṣe yín rí, kẹ́ ẹ sì béèrè fún físíò níbẹ̀, kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀ rárá.